Ta Ni Ó Ń Dá Iye Iṣẹ́? Ẹrú, Òṣìṣẹ́ àti Alágbàṣe nínú Lítíréṣọ̀ Yorùbá

Ìfáàrà

Ó ṣòro láti rí ẹni tí ó jókòó sí kíláàsì Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò mọ ewì J. F. Ọdúnjọ tí a pè ní 'Iṣẹ́ ni Oògùn Ìṣẹ́'. Ọ̀pọ̀ àgbà tí ó ti gbàgbé ẹ̀kọ́ mìíràn tí wọ́n kọ́ ní ìgbà èwe ṣì lè kà á láìwo ìwé. Ewì náà ń kìlọ̀ fún ọmọdé pé kí ó má ṣe fi ọrọ̀ òbí tàbí ti ẹbí ṣe àfẹ̀yìntì, kí ó gbára lé iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ àti ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ tí ó yè kooro ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ewì náà kò bèèrè, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ lítíréṣọ̀ tí ó tẹ̀ lé e kò sì bèèrè tó: bí ẹnì kan bá ní apá, tí ó sì fẹ́ ṣiṣẹ́, ta ni yóò gbé iṣẹ́ fún un, ta ni yóò sì dá iye tí a óò san?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Ní Lotto, ní agbègbè Mowé, lẹ́bàá títì márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ oríta láti Ìbafo títí dé ìhà Ìfọ̀, ẹni tí ó ń wá lébìrà ní òwúrọ̀ mọ ibi tí yóò ti rí wọn. Wọn a dúró pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti báàgì tí wọ́n kó aṣọ iṣẹ́ sí. Ẹni tí ó ń kọ́lé yóò dé, yóò sọ iye tí ó fẹ́ san, wọn yóò dúnàádúrà díẹ̀, yóò sì mú ẹni méjì tàbí mẹ́ta lọ. Àwọn yòókù yóò máa wo ojú ọ̀nà. Nígbà tí oòrùn bá ga, ẹni tí a kò mú yóò padà sílé. Kò sí ẹni tí ó lè pe irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ. Ó jí, ó gbé irinṣẹ́, ó dé ibi iṣẹ́. Iṣẹ́ ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni àròkọ yìí yóò gbé yẹ̀ wò: Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní 1970, ewì Ọdúnjọ tí a ti dárúkọ, àti Rẹ́rẹ́ Rún, eré tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tẹ̀ jáde ní 1973. Ẹrú ni ó wà láàárín ti àkọ́kọ́, ọmọ ilé-ìwé ni a ń bá sọ̀rọ̀ nínú ìkejì, òṣìṣẹ́ olówó oṣù ni ìkẹta dá lé lórí. Bí a bá fi ìtàn àwùjọ wa ti àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ohun kan yóò hàn: kì í ṣe agbára láti ṣiṣẹ́ nìkan ni ó ń sọ iye tí iṣẹ́ ènìyàn jẹ́, bí kò ṣe agbára láti kọ̀ iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó. Ibi tí agbára láti kọ̀ yìí ti ń wá, àti bí ó ti ń bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, ni ó yẹ kí lámèyítọ́ máa wá nínú ìwé tí ó bá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́.

Nígbà tí iṣẹ́ kò tíì di ọjà

Kí owó iṣẹ́ tó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ènìyàn ní ọ̀nà púpọ̀ láti rí ọwọ́ kún ọwọ́. N. A. Fádípẹ̀, tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì London ní 1939, tí a sì tẹ iṣẹ́ rẹ̀, The Sociology of the Yoruba, jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1970, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ojú ìmọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá wo àṣà wọ̀nyí. Àáró jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tí ó ń lọ sí oko ara wọn ní ìkọ̀ọ̀kan. Ẹni tí a bá bá ro oko lónìí yóò san án padà lára oko ẹlòmíràn lọ́la. Ọ̀wẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó ní iṣẹ́ ńlá kan, bí ilé kíkọ́, tí ó bẹ àwọn ará àti ọ̀rẹ́. Oúnjẹ àti ohun mímu ni ó ń pèsè, kì í ṣe owó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ ìyàwó ń kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ fún àna. Nínú gbogbo wọn, a kò lè ya iṣẹ́ kúrò lára ẹni tí ó ń ṣe é. Ẹni tí ó wá ro oko mọ ẹni tí ó ni oko, ó sì mọ ọjọ́ tí ti òun náà yóò kàn.

Ti ìwọ̀fà yàtọ̀. Ẹni tí ó yá owó yóò fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún olówó. Èlé ni iṣẹ́ náà dúró fún. Kì í dín gbèsè kù. Títí a óò fi san ojú owó pé, iṣẹ́ kò tán. Síbẹ̀, ọmọlúàbí ni ìwọ̀fà. Ó ní ilé, ó ní orúkọ, àwọn ẹbí rẹ̀ sì lè rà á padà. Èyí ni Samuel Johnson tẹnu mọ́ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921, nígbà tí ó ń ya ìwọ̀fà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹrú. Ẹrú ni ẹni tí a já kúrò lára ẹbí, tí kò sí ẹni tí yóò bèèrè rẹ̀. Òwe tí ó sọ pé ọ̀nà ló jìn, ẹrú ní baba, ń rán ènìyàn létí pé ìjìnnà ni a sọ di àìní ẹbí.

Kí ló dé tí àwùjọ fi nílò ẹrú àti ìwọ̀fà? Ìdáhùn kan tí àwọn onímọ̀ máa ń fún ni pé ilẹ̀ kò wọ́n nígbà náà, ọwọ́ ni ó wọ́n. Ẹni tí ó ní ilẹ̀ àti ọkọ́ kò ní ìdí láti lọ ro oko olóko. Ó lè kọ̀. Nítorí náà, olóyè tí ó ń fẹ́ oko ńlá gbọ́dọ̀ wá ẹni tí kò lè kọ̀.

Ẹfúnṣetán àti àwọn tí kò lè kọ̀

Ibí yìí ni a ti lè padà wo eré Ìṣọ̀lá. Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn tí wọ́n rọ̀ lóyè tí wọ́n sì pa ní 1874, jẹ́ oníṣòwò tí ó ní ọ̀pọ̀ ẹrú nínú oko rẹ̀. Nínú eré náà, ó pa á láṣẹ pé ẹrú òun kan kò gbọdọ̀ lóyún. Adétutù lóyún, a sì pa á. Ìtáwuyì fẹ́ gbẹ̀san, ẹ̀mí tirẹ̀ náà bá a lọ. Àwọn tí ó ti kọ nípa eré yìí sábà máa ń wo ìwà ìkà obìnrin náà àti ìbànújẹ́ àìrọ́mọ tí ó fà á. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ fi ọ̀nà yẹn hàn wá.

Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú iṣẹ́ wò ó, òfin Ẹfúnṣetán ní ìtumọ̀ mìíràn. Ẹrú tí ó bá bí ọmọ ti ń dá ẹbí sílẹ̀. Ó ti ń ní ẹni tí yóò bèèrè rẹ̀. Oyún Adétutù sọ ẹni tí a rà fún iṣẹ́ nìkan di ìyá. Ohun tí Ẹfúnṣetán ń bá jà ni ohun náà gan-an tí ó ń fún ènìyàn ní agbára láti kọ̀. Ìṣọ̀lá gbé èyí kalẹ̀ lójú agbo dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fẹ́ sọ ìdí rẹ̀, inú ọkàn obìnrin kan ṣoṣo ni ó ti lọ wá a. Látòósà àti àwọn olóyè tí ó wá dá a lẹ́jọ́ jẹ́ olówó ẹrú bákan náà. Oko wọn, bíi tirẹ̀, ni ó ń bọ́ àwọn jagunjagun Ìbàdàn. Eré tí ó mú wa kórìíra ìkà Ẹfúnṣetán kò ràn wá lọ́wọ́ tó láti bèèrè pé báwo ni nǹkan ṣe rí nínú oko àwọn tí kì í ṣe ìkà. Àléébù kékeré kọ́ ni èyí, nítorí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń ti inú eré náà jáde pẹ̀lú èrò pé ìwà burúkú ọ̀gá kan ni ó ń fa ìyà òṣìṣẹ́.

Ojú irin, owó, àti ewì Ọdúnjọ

Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó lọ sí òkè. Nígbà tí ó fi di 1901, ó ti gba Ìfọ̀ àti Abẹ́òkúta kọjá dé Ìbàdàn. Ìfọ̀ di ibùdókọ̀ ojú irin, ẹ̀ka kan sì yà níbẹ̀ nígbà tí ó yá, ó lọ sí Ìdógò. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni iṣẹ́ ojú irin kọ́kọ́ sọ di ẹni tí ń gba owó fún iye ọjọ́ tí ó fi gbé jígà. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ àkókò yẹn kò tíì pàdánù agbára láti kọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1897, nígbà tí Gómìnà McCallum fẹ́ yí ètò wákàtí iṣẹ́ padà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Èkó yan iṣẹ́ lódì. Wọn kò tíì ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ irú tòde òní. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ní ni oko àti ilé tí wọ́n lè padà sí.

Ìjọba náà mọ èyí. Níbi tí owó kò bá ti lè fa ènìyàn wá, ó gba ọwọ́ ọba àti olóyè fi ipá mú wọn. Iṣẹ́ àfipáṣe tí a kò san owó fún yìí, pẹ̀lú owó orí tuntun, wà lára ohun tí ó fa ogun Àdùbí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918, nígbà tí àwọn ará oko hú ojú irin. Ojú irin tí wọ́n hú náà ni ó gbé owó iṣẹ́ wá. Láti ìgbà náà lọ, owó orí sọ owó di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣe aláìwá, ìjọba sì ń fi òfin lé àṣà ìwọ̀fà kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ sọ iṣẹ́ di ohun tí a ń tà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Inú ayé yìí ni a bí Ọdúnjọ sí, ní Ìbarà, Abẹ́òkúta, ní 1904. Àwọn tí ó gboyè ìwé ní ìran rẹ̀ rí i pé ẹ̀kọ́ lè gbé ọmọ àgbẹ̀ dé ipò akọ̀wé àti olùkọ́. Nítorí náà, ìgbàgbọ́ tí ó wà nínú ewì rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ẹ̀rí ìgbà rẹ̀ ni. Bí a bá tún rántí pé Ọdúnjọ kan náà ni ó di mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti iṣẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ó yé wa pé kò ṣàì mọ̀ pé ilẹ̀ àti iṣẹ́ kò ṣe é yà sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni ewì náà ń bá sọ̀rọ̀, ó sì fi ẹrù gbogbo lé ọmọ náà lórí. Nínú rẹ̀, kò sí agbanisíṣẹ́, kò sí owó iṣẹ́, kò sí ọjà. Ènìyàn kan àti ìṣẹ́ ni ó dojú kọ ara wọn.

Àwọn àgbà tí ó ṣáájú Ọdúnjọ kò sọ ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀nà kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀. Wọ́n yin iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n tún sọ pé gìdìgìdì kò mọ́là, ká ṣiṣẹ́ bí ẹrú kò da nǹkan. Ẹni tí ó pa òwe yìí ti rí ẹrú; ó mọ̀ pé bí òógùn bá tó láti lani, ẹrú ni ìbá kọ́kọ́ là. Ilé-ẹ̀kọ́ mú apá kan nínú ọgbọ́n àwọn àgbà, ó fi apá kejì sílẹ̀.

Rẹ́rẹ́ Rún: àpò ẹgbẹ́ àti agbára láti kọ̀

Orí ìtàgé ni apá kejì náà ti padà wá. Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ti ojú irin pàápàá, yan iṣẹ́ lódì fún ohun tí ó lé ní ogójì ọjọ́; orúkọ Michael Imoudu, aṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin, sì gbajúmọ̀ nítorí rẹ̀. Ọdún náà gan-an ni Hubert Ògúndé gbé eré Strike and Hunger jáde. Nígbà tí ó gbé e dé Jos, àwọn aláṣẹ mú un, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e. Ìjọba kì í fi owó ìtanràn dá ẹni tí ń kọ́ ọmọdé pé kí ó múra síṣẹ́ lẹ́kun. Ohun tí ó bà á lẹ́rù ni eré tí ó fi hàn pé iṣẹ́ ṣe é dá dúró.

Rẹ́rẹ́ Rún ni ó gbé ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ jù nínú àwọn iṣẹ́ mẹ́ta tí a ń yẹ̀ wò. Láwúwo jẹ́ aṣáájú òṣìṣẹ́ tí a kò lè fi owó rà. Onímògún àti àwọn ìjòyè rẹ̀ kò lè borí rẹ̀ ní gbangba. Ohun tí ó borí rẹ̀ ni pé owó ẹgbẹ́ tí ó wà nílé rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn gbájúẹ̀ láti ọwọ́ Mọ́rẹ́nikẹ́, aya rẹ̀. Mọ́rẹ́nikẹ́ kú, Láwúwo sì ya wèrè.

Òye Òkédìjí hàn níbi tí ó fi ìjà náà sí. Àwọn òṣìṣẹ́ olówó oṣù kò ní oko tí wọn yóò padà sí bí àwọn ti 1897. Àpò ẹgbẹ́ ni oko wọn. Bí àpò náà bá ti ṣófo, ẹnu wọn kò lè sọ pé àwọn kò ṣe mọ́. Òǹkọ̀wé mú wa rí i pé ẹgbẹ́ tuntun ń gbé inú ilé àtijọ́: owó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wà lábẹ́ òrùlé ẹnì kan, ìgbẹ́kẹ̀lé ni a sì fi ṣọ́ ọ bí ìgbà tí a ń ṣe àáró. Àáró lè fi ojú mọ ojú ṣe ẹ̀rí. Ẹgbẹ́ tí ó bá ìjọba jà nílò ìwé àkọsílẹ̀ àti ju ẹnì kan lọ tí yóò máa ṣọ́ owó.

Síbẹ̀, eré náà ní ibi tí ó kù sí. Bí Ìṣọ̀lá ṣe kó ìyà ẹrú lé ìbànújẹ́ Ẹfúnṣetán lórí, bẹ́ẹ̀ ni Òkédìjí kó ìṣubú ẹgbẹ́ lé àṣìṣe Mọ́rẹ́nikẹ́ lórí. Ó yẹ kí òǹkàwé bèèrè ohun tí ó jẹ́ kí aya aṣáájú òṣìṣẹ́ tètè gba gbájúẹ̀ gbọ́. Ẹni tí owó oṣù ọkọ rẹ̀ kò tó bùkátà ilé ni àlá owó òjijì ń dùn mọ́. Owó iṣẹ́ tí kò tó ni gbájúẹ̀ náà rí dìmú. Ìdáhùn yìí wà ní ìkọ̀kọ̀ nínú eré náà. Wèrè Láwúwo ni ó bò ó mọ́lẹ̀, tí ó fi dà bí ẹni pé àyànmọ́ ni.

Ẹni tí ìwé kò tíì rí

Alágbàṣe Lotto kì í ṣe ẹrú Ẹfúnṣetán. Ó lè lọ síbi tí ó bá wù ú. Kì í ṣe ẹni tí Láwúwo ń ṣe aṣáájú fún. Kò ní ẹgbẹ́ tàbí àpò. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọmọ tí Ọdúnjọ ń kìlọ̀ fún, nítorí ó ti gbọ́ ìkìlọ̀, ó sì ti múra. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí títì márosẹ̀ ní 1978, oko tí ó wà láti Ìbafo dé Mowé ti ń di ilẹ̀ ilé díẹ̀díẹ̀ bí Èkó ti ń gbòòrò. Ọmọ àgbẹ̀ lè máa po kọnkéré lónìí lórí ilẹ̀ tí baba rẹ̀ gbin ẹ̀gẹ́ sí. Àjèjì tí ó ti Bẹ̀nẹ̀ tàbí Òkè Ọya wá dúró tì í, oko tirẹ̀ sì jìnnà. Ní 1896, ilẹ̀ pọ̀, ọwọ́ wọ́n. Nísinsìnyí, ọwọ́ pọ̀, ilẹ̀ ni ó wọ́n. Ìyípadà ńlá tí ó dé bá ọjà iṣẹ́ wa nìyẹn.

Karl Polanyi, nínú ìwé rẹ̀ The Great Transformation tí ó jáde ní 1944, ṣàlàyé pé a kò dá iṣẹ́ tàbí ilẹ̀ fún títà. Ìgbésí ayé ènìyàn ni iṣẹ́, ibi tí ó ń gbé ni ilẹ̀. Bí a bá sọ méjèèjì di ọjà, àwùjọ yóò wá ọ̀nà láti dáàbò bo ara rẹ̀. Òfin owó iṣẹ́ tí ó kéré jù jẹ́ ọ̀kan nínú irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ní 2024, Nàìjíríà gbé e dé ₦70,000 lóṣù. Ṣùgbọ́n òfin náà, gẹ́gẹ́ bí a ti tún un ṣe ní 2019, kò de agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Ẹni tí ó mú lébìrà mẹ́ta ní Lotto kò sí lábẹ́ rẹ̀.

Èdè wa tilẹ̀ ti fi ọ̀nà hàn fún ẹni tí yóò kọ ìtàn náà. Inú gbólóhùn kan náà, gba iṣẹ́ ṣe, ni a ti rí agbaṣẹ́ṣe àti alágbàṣe. Agbaṣẹ́ṣe gba iṣẹ́ lódindi lọ́wọ́ onílé, ó sì mọ èrè tí yóò jẹ. Alágbàṣe gba òòjọ́ lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe, àárọ̀ ọjọ́ náà ni ó ń mọ iye rẹ̀. Gbogbo àlàfo tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì jẹ́ ohun tí eré tàbí ìtàn àròsọ lè kún.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹnì kan lè sọ pé ọmọdé kò nílò irú àròyé yìí. Kí a kọ́ ọ ní iṣẹ́ ná, ìyókù yóò yé e bí ó bá dàgbà. Ọ̀rọ̀ náà ní ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kọ́ ní ìdajì ẹ̀kọ́ yóò fi ìdajì náà dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mọ ewì náà lórí, tí a kò mú ní oríta fún ọjọ́ mẹ́ta, kò ní ohun mìíràn tí yóò rò ju pé òun ni kò múra tó. Ojútì tí kò tọ́ sí i ni lítíréṣọ̀ dì lé e lórí.

A kò sọ pé kí olùkọ́ pa ewì Ọdúnjọ tì. Kí ó kà á, kí ó sì pa òwe gìdìgìdì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí àwọn ọmọ bá dé kíláàsì ńlá, kí wọ́n ka Ẹfúnṣetán Aníwúrà pẹ̀lú ìbéèrè nípa oko àwọn olóyè yòókù, kí wọ́n sì ka Rẹ́rẹ́ Rún pẹ̀lú ìbéèrè nípa àpò ẹgbẹ́. Àwọn òǹkọ̀wé ní tiwọn ní gbèsè kan láti san. Lítíréṣọ̀ Yorùbá ti sọ ìtàn ọlọ́dẹ, ti ọba, ti ẹrú, ti akọ̀wé àti ti aṣáájú òṣìṣẹ́. Ẹni tí ó dúró ní oríta pẹ̀lú ṣọ́bìrì ṣì ń retí pé kí a pe òun. Bí iṣẹ́ kò pẹ́ni, a kì í pẹ́ṣẹ́, ni àwọn àgbà wí. Òun kò pẹ́; ìwé ni ó pẹ́.